Bí inú bá ń bí ọmọdé, amọ̀ ṣáájú pẹ́ńsù

Ọmọ ọdún 4 tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kò lè dá yín lóhùn tí ẹ bá bi í pé, "Kí ló bí ẹ nínú?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì sí lẹ́nu ẹ̀. Ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ má tíì gbé pẹ́ńsù fún un o. Ẹnu pẹ́ńsù á kán, bébà á ya, ìbínú á wá di méjì. Amọ̀ ló dáa jù. Tí kò bá sí, ẹ po fúláwà ife 2 mọ́ iyọ̀ ife 1, kí ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, kó má ju ife 1 lọ. Tómi bá pọ̀ jù, á máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn gan-an á tún bí i nínú. Ẹ jẹ́ kó gbá a, kó fún un pọ̀, kó là á mọ́ tábìlì.

Ìgbà tó bá ń mí dáadáa ni kí ẹ tó mú bébà ńlá wá. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ kó má máa yọ̀, kí ẹ ya ara èèyàn sí i, kí ẹ ní kó kun ibi tí ìbínú wà. Òmíràn á kun ọwọ́, òmíràn á kun ikùn (ṣebí inú náà ló ń bíni). Ẹ má rò pé àwọ̀ pupa ló gbọ́dọ̀ lò. Tó bá sì lo pupa, ó lè jẹ́ pé òun ló kàn sún mọ́ ọn jù.

Ẹ má sọ pé "Ó mà rẹwà o!" Yíyà tó máa wù yín ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ẹ kàn ní, "Tibí yìí ńkọ́?" kí ẹ dákẹ́. Tó bá fẹ́ fa bébà náà ya, kó fà á ya. Àbúrò ẹ̀ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.