Sláìdì Kan, Ọ̀nà Mẹ́rin

Ẹ̀yin àbúrò mi, oṣù yìí ló pé ọdún 15 tí mo ti jókòó sídìí máíkírósíkóòpù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé sláìdì awọ wá: “Ọ̀gá, lymphoma tó le gan-an nìyí, CD30 mú un dáadáa.” Lymphoma ni jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun; CD30 sì ni àmì ara sẹ́ẹ̀lì tí aró wa máa ń fi hàn. Mo bi í pé báwo ni kókó ara aláìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀. Ọkàn mi dàrú.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ ka fọ́ọ̀mù tí dókítà fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ègé ara kí ẹ tó wo sláìdì. Ìkejì: bí fọ́ọ̀mù bá ṣófo, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́. Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Rẹ́sídẹ́ǹtì, dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ni mí nígbà náà. Wọ́n fi ègé awọ ránṣẹ́ láti apá ìyá kan tó ń ránṣọ. “Kókó lára awọ”, ìyẹn nìkan ni dókítà tó gé e kọ. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní. Mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ràgàjì-ràgàjì, aró CD30 ti sọ wọ́n di rúsúrúsú. Mo kọ ọ́ pé lymphoma tó le ni. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n fa oògùn jẹjẹrẹ sí ìyá yìí lára. Irun rẹ̀ re, èékánná rẹ̀ dúdú, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn ọdún 2, kókó mìíràn gbé e padà wá. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè: àpá roboto-roboto, ó lé ní ogún. Ó ní, “Dókítà, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń yọ. Á wú, á dégbò lórí, tó bá tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, á jiná fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.”

Lymphomatoid papulosis ni, àrùn awọ tí dókítà Macaulay sọ lórúkọ ní 1968. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ burú lójú, àmọ́ agbára káká ló fi ń pa èèyàn. Bí irú sẹ́ẹ̀lì kan náà bá di kókó tí kò lọ, tí kò sì kọjá awọ, nǹkan bí 90 nínú 100 aláìsàn ni àrùn náà kì í pa láàárín ọdún 10. Bó bá jẹ́ inú mycosis fungoides, lymphoma awọ kan tó ti wà lára tipẹ́ bíi làpálàpá, ló ti hù, ewu ńlá ni. Bó bá jẹ́ láti lymph node, àwọn kókó inú ọrùn tàbí abíyá, ló ti wá, oògùn líle yá. Ara aláìsàn àti ìtàn rẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlànà WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti EORTC (àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Yúróòpù) ti 2005 ti sọ ọ́ kedere.

Ìyá náà ṣì ń wá lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, torí lymphoma mìíràn lè tẹ̀ lé e. Èmi fúnra mi ni mo ń ka àwọn àpá náà.

Sláìdì ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lórí tábìlì mi. N kò ní fọwọ́ sí i títí ẹ ó fi lọ bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀.