Lẹ́tà tó wà lápò de Guingand

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun Ardennes nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Patton, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, àti ìlú Bastogne ní Belgium ni ẹnu gbogbo èèyàn máa ń wà. Freddie de Guingand, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí díẹ̀ ló kù kí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà dà rú mọ́ra wọn lọ́wọ́ kó tó bá wọn pẹ̀tù sí i.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni Jámánì ya lu àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú igbó Ardennes. Luxembourg ni Bradley, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ń darí wọn, wà, kò sì rọrùn fún un mọ́ láti darí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó wà lápá àríwá. Eisenhower, ọ̀gá àgbà gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, bá kó Ikọ̀ Ogun Kìíní àti Ìkẹsàn-án ti Amẹ́ríkà lé Montgomery, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ó dun Bradley wọ egungun, n ò sì bá a wí: ta ni wọ́n máa gba ọmọ ogun lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ogun le, tínú rẹ̀ á dùn?

Montgomery ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó tún kọ̀wé sí Eisenhower pé ẹnì kan ló yẹ kó máa darí ogun orí ilẹ̀, òun alára ló sì ní lọ́kàn. Ó sú Eisenhower pátápátá. Ó ti ṣètò iṣẹ́ tó máa rán sí Marshall, olórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Washington: kí wọ́n mú ọ̀kan nínú òun àti Montgomery.

De Guingand, tó ń bá Montgomery ṣètò gbogbo iṣẹ́ ogun rẹ̀, wọ bàálù lọ sí Versailles nínú ojú ọjọ́ burúkú, ó bẹ Eisenhower kó ṣì mú sùúrù di ọjọ́ kejì. Ló bá padà sí Zonhoven ní Belgium, ó sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé Montgomery ni wọ́n máa yọ, pé Alexander, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló máa gbapò rẹ̀. Montgomery bi í pé kí wá ni kóun ṣe. De Guingand fa ìwé yọ lápò. Ó ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀! Montgomery buwọ́ lù ú.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ 7 oṣù Kìíní, Montgomery bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló yọ Amẹ́ríkà nínú ewu. Bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ọmọ Amẹ́ríkà ló kú nínú ogun yẹn! Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ ló dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́jọ́ 18 láti sọ pé Amẹ́ríkà ló ja èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bradley gba Ikọ̀ Kìíní padà nínú oṣù yẹn. Ìkẹsàn-án ò kúrò lọ́wọ́ Montgomery títí di oṣù Kẹrin.