Ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn Ọ̀yọ́-Ilé

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, èmi àti ìyàwó mi fi àwọn ìbejì wa sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Baálẹ̀, a sì wa ọkọ̀ wa kúrò ní Òṣogbo kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú èrò láti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ọgbà ẹranko ìgbẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Old Oyo National Park. Àdìrẹ ni ìyàwó mi ń ṣe, tí ó sì ń tà. Ẹranko ni ó fẹ́ lọ wò. Èmi, olùkọ́ ìtàn, fẹ́ rí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí ó wà nínú ọgbà náà, tí mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ láìtẹ ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n máa sọ síta.

A gba Ìlobùú àti Ìfọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, a yà sí ìlú Ọ̀yọ́ láti ṣètò ìwọlé wa ní olú-iléeṣẹ́ ọgbà náà, a sì jẹ àmàlà ní Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Igi ńláńlá tí ó máa ń fara kọ́ra níhà tiwa dín kù, ó wá ku igi èmi àti igi igbá tí wọ́n dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tí ń bínú síra wọn, tí koríko gbígbẹ sì kún àárín wọn, àyàfi ibi tí iná ìgbẹ́ ti jó kọjá tí ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti hó. Mẹkáníìkì tí ó tún rẹdiétọ̀ rẹ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a lè gbé e dé Sókótó, ṣùgbọ́n a kò tíì dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí èéfín fi bo gíláàsì iwájú. A jókòó sábẹ́ igi èmi kan fún bíi wákàtí méjì. Òjìji rẹ̀ kò ju ẹní kan lọ, bí oòrùn sì ti ń yí ni àwa náà ń yí tẹ̀lé e, títí àgbẹ̀ kan fi gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan wá fún wa tí kò sì gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà tí ó gbà wá ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìjọba amúnisìn ni ó kọ́kọ́ ya apá kan ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún igbó ọba ní ọdún 1936, tí wọ́n ya apá Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní 1941, àti pé ọdún 1991 ni gbogbo rẹ̀ di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ó fẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó dára jù láti wá wo ẹranko, nítorí Odò Ògùn àti àwọn odò kéékèèké yòókù máa ń gbẹ ku kòtò omi díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹranko tí kò ní wá mu omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọyẹ́ ṣì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ìborùn bo etí, a rí ọ̀wọ́ ìjímèrè aláwọ̀ pupa, a rí ẹtu méjì, a sì rí awó tí kò lóǹkà. Ẹfọ̀n kò jáde. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni a rí, ẹ̀ṣọ́ náà sì fi ọ̀pá tọ́ ọ, ó ní ti àná ni, bí ẹni tí ń tù wá nínú.

Ní Ìgbòho, níbi tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí nígbà tí Ọ̀yọ́ fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú, a kò pẹ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin ni, tí wọ́n sì máa ń dárúkọ pẹ̀lú ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Ó dáhùn pé òun ti ń retí kí n dárúkọ obìnrin kan láti àná.

Ìgbẹ́tì ni a sùn sí, lẹ́sẹ̀ òkè àpáta tí ó mú ooru ọ̀sán pamọ́ tí ó sì ń tú u jáde sí wa lára títí di òru. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, a gun ọ̀kadà méjì tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ wọ inú igbó. Òkúta kún ojú ọ̀nà, eruku pupa sì bò wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè kọjá láàárín Ọ̀yọ́-Ilé kí ó má mọ̀ pé òun wà ní ìlú. Odi ìlú ti di òkìtì gígùn tí koríko hù lé, àpáàdì fọ́nká sílẹ̀, ihò ọlọ wà lójú àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan, igi oṣè ńláńlá sì dúró síbi tí agbo ilé ti wà. Oṣù Kìíní ọdún 1826 ni òyìnbó tí ń jẹ́ Clapperton dé ìlú yìí tí ó bá Aláàfin lórí ìtẹ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ikú Aláàfin Olúewu lójú ogun, gbogbo ìlú ti tú, Àtìbà tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà ní gúúsù.

Ìyàwó mi ti gun orí àpáta kan, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

“Bàbá Ìbejì, ẹ wo bí ibí ṣe tẹ́jú. Ẹṣin á sáré níbí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kí ni ẹlẹ́ṣin wá fẹ́ lọ ṣe ní Òṣogbo tiwa?”

N kò rí èsì fọ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ní nǹkan bí ọdún 1840, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tí ó ti tú ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ dó ti Òṣogbo, àti pé àwọn ará Ìbàdàn tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ kó wá ni ó ṣẹ́gun wọn. Ìgboyà ni mo máa ń fi sí ojú pátákó gẹ́gẹ́ bí ìdí rẹ̀. Igbó máa ń jẹ́ gbólóhùn kan péré níparí, tí mo sì máa ń kà kọjá. Ṣùgbọ́n láti orí àpáta yẹn, tí ojú mi rí koríko títí ibi tí ooru ti ń mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n bí omi, ó yé mi pé ohun ìjà tí ó gba odindi ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ Aláàfin kò níyì mọ́ nígbà tí ó dé ibi tí igi àti ìtàkùn ti dí ọ̀nà, tí kòkòrò sì ń pa ẹṣin. Mo sọ èyí fún un. Ó ní òun rò pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè nípa ààbò lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, kí ó sì gbé omi ju iye tí ó rò lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, a kó àwọn ìbejì lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Lójú ọ̀nà tí ó lọ sí etí odò, ìyá wọn ní kí wọ́n sáré bí ẹṣin kí bàbá wọn rí i. Táíwò gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́fà kí gbòǹgbò tó gbé e ṣubú. Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ gbìyànjú.