Ẹ Lọ Wo Ilẹ̀ Yín Nígbà Òjò

Àbúrò ọkọ mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ayọ̀ ń bẹ lóhùn rẹ̀. Ó ti rí ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì kan lọ́nà Báyékù, àjẹ́ǹtì ní ẹlòmíì fẹ́ wá sanwó lọ́la, òun náà sì fẹ́ tètè san tiẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé o ti débẹ̀ nígbà òjò?" Ó ní rárá, pé ilẹ̀ náà le dáadáa, mọ́tò òun wọ ibẹ̀ láìrì. Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀. Ohun tí mo sọ fún un lórí fóònù ni mo ń kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú irú ìkánjú yẹn.

Tíṣà ni mí, awakọ̀ akẹ́rù lọkọ mi. Ọdún mẹ́fà la fi kọ́ ilé wa ní Ìgbógbó, níhìn-ín ní Ìkòròdú. Bí mo bá kó àjọ, a ra búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá san ajẹmọ́nú, a ra sìmẹ́ǹtì. Oṣù kìíní la ra ilẹ̀ náà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ti sán káàkiri. Ìyá kan tó ń yan gààrì ní òdìkejì pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á? Ẹ padà wá kí wa nígbà òjò o." Mo rò pé ó kàn ń kí mi ni. Mo dúpẹ́, mo sì lọ sanwó. Títí di òní ló ń dùn mí pé mi ò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó ti ìyá yẹn.

Ẹ̀rù àwọn tó ń ta ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ló mú ká kọ́kọ́ mọ ọgbà. Búlọ́ọ̀kù ínńṣì mẹ́fà, ìlà mẹ́jọ. A ò mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn ará ẹ̀yìn ga ju tiwa lọ, pé gbogbo òjò tó bá rọ̀ lọ́hùn-ún, inú ilẹ̀ wa ló ń gbà kó tó ṣàn lọ sọ́nà ọ̀sà. Bíríkìlà tí a gbà nígbà náà ò fi ojú ihò kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọgbà. Nínú oṣù keje, òjò kan bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ó rọ̀ mọ́jú. Omi kó jọ sẹ́yìn ọgbà, kò rọ́nà lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ọgbà ẹ̀yìn ti sùn gbalaja, mítà mọ́kànlá gbáko. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo sunkún. Àjọ oṣù mẹ́wàá ló wà nílẹ̀ yẹn. Ìyá onígààrì ló wá fi ìró bò mí, ó sì nawọ́ sí ojú ọ̀nà omi náà, láti ìdí ọ̀pẹ kan dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní láti ìgbà tí òun ti débẹ̀ ni omi ti ń gba ibẹ̀.

Nígbà tí a tún un mọ, a fi páìpù ínńṣì mẹ́ta há ìsàlẹ̀ ọgbà ní mítà méjì méjì, a sì la gọ́tà síwájú rẹ̀ títí dé gọ́tà àdúgbò. Kò tíì mì láti ìgbà náà.

Torí náà, ẹ lọ wo ilẹ̀ lóṣù kẹfà tàbí oṣù keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kì í ṣe nígbà tó bá dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ wo ara ògiri àwọn tó ti kọ́lé níbẹ̀. Ìlà omi máa ń wà lára ọgbà, àwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀, àwọ̀ mìíràn lókè. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá ń hu nǹkan funfun bí iyọ̀, tí ọ̀dà ń ṣí kúrò, omi ń gun ilé yẹn láti inú ilẹ̀. Kókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, ihò akàn, ilẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹ bá fi ọkọ́ tú u: ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Kí ẹ sì bi obìnrin tó ń tajà níbẹ̀, ẹ má bi ẹni tó ń ta ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti ìwé, àwọn mìíràn ti kọ ọ́ dáadáa. Èmi á kàn ní kí ẹ gba sọ́fíyọ̀ tiyín, kó gbé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fíyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn, mo gba ẹnjiníà. Ó ní ká gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ká padà wá láàárọ̀. Omi ti kún un dé ìdajì. Ó ní ìpìlẹ̀ tóóró tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ ògiri nìkan kò ní gbà á, àfi raft: kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ gbogbo ilé, tí irin wà nínú rẹ̀, kí ilé lè jókòó lé e bí ẹni jókòó lórí ẹní. Ó wọ́n. Ọdún méjì la fi ń náwó tí kò sí nǹkan tó hàn lókè. Àwọn mọ̀lẹ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá ilé náà ti di àwátì. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá wà ní irú ipò yẹn: ẹ má jẹ́ kí ojú ayé lé yín kúrò nínú ilẹ̀.

Ìlà búlọ́ọ̀kù márùn-ún la fi gbé ìpìlẹ̀ náà jáde sókè. A fi ilẹ̀ pupa dí i nípele nípele, a ń rin ín, a ń gún un, kí wọ́n tó tẹ́ náílọ̀nù tó nípọn sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀ ilé. Aládùúgbò kan ní ilé wa ga jù. Ọdún kẹta, àdúgbò dáwó jọ, wọ́n da ilẹ̀ sí títì, títì ga sí i. Ọdún kẹrin, wọ́n tún dà á. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ní títì wa, èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ wọ pálọ̀ ni, omi sì ń tẹ̀ lé e wọlé. Títì ọjọ́ iwájú ni kí ẹ fi wọn gíga ilé yín.

Omi inú kọnkéré náà ṣe pàtàkì. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin la lò, ohun kan náà la sì fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn lébìrà máa ń fẹ́ da omi púpọ̀ sí i kó lè rọrùn láti fà. Bó bá ti ṣàn bí ẹ̀kọ ògì, agbára rẹ̀ ti lọ. Mo dúró tì wọ́n látàárọ̀ títí wọ́n fi parí. Lẹ́yìn tó bá ti dì ló wá ń fẹ́ omi: a rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Ní ti yanrìn, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Ọ̀sà máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀rùn, iyọ̀ sì ń jẹ irin nínú kọnkéré.

Ẹ wọn irin náà. Irin 12mm tó péye, tó gùn ní mítà 12, máa ń wúwo tó kìlógíráàmù mẹ́wàá àti ààbọ̀ lé díẹ̀, torí náà nǹkan bí 93 tàbí 94 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá ka 105 fún yín, ẹ má rò pé ènì ni. Irin tín-ín-rín ni.

Ibi tí mo ti kùnà tí mi ò sì lè tún ṣe mọ́ ni ṣọ́kàwè, ihò tí omi ilé ìgbẹ́ ń rì sí. A gbẹ́ tiwa síwájú, a gbẹ́ kànga sẹ́yìn, ọkàn wa balẹ̀. Lẹ́yìn náà la mọ̀ pé ṣọ́kàwè ará ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà gan-an, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí kànga wa. Mítà ọgbọ̀n ni wọ́n ní kó wà láàárín méjèèjì. Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60, kò lè fún yín ní mítà ọgbọ̀n, kódà bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Torí náà, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, kí ẹ jọ fẹnu kò síbi tí kànga máa wà. Ìfọṣọ nìkan la ń fi omi wa ṣe báyìí. A ń ra omi mímu.

Àbúrò ọkọ mi ti gbà láti dúró. Mo ní kó ra bàtà òjò, kó wá lóṣù keje. Ìyá onígààrì ṣì wà níbẹ̀, ó sì mọ ojú ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ọ̀sà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa kọ́kọ́ yà.