Bí a ṣe ń wo ilé Ọba Toffa ní Àjàṣẹ́

Ẹ má sáré wọ Honmè, ààfin Ọba Toffa, bí ẹni wọ ọjà. Ilé ni kó tó di mùsíọ́mù. Toffa, tó jọba ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin) láti 1874 sí 1908, ló gbé ibẹ̀, àgbàlá sì wà lẹ́yìn àgbàlá. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà ṣáájú. Faransé ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání.

Bí ẹ bá ti Èkó wá, ẹ yà ní oríta Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ gba orí afárá ọ̀sà. Zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà wọn, á gbé yín débẹ̀. Ẹ wá owó sẹ́fà kéékèèké, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ògiri ni kí ẹ wò pẹ́, pàápàá ìdí rẹ̀. Amọ̀ ni, ibẹ̀ ni òjò ti ń ta lu ilé, tí amọ̀ á rọ̀, tí á máa jẹ wọnú. Àwọn kan á ní kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé amọ̀. Àṣìṣe gbáà ni! Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ rọ́nà jáde. Tó bá yá, á ṣí, á sì bá amọ̀ lọ. Amọ̀ la fi ń tún amọ̀ ṣe, kí etí òrùlé sì yọ síta dáadáa.