Ewé àbámọdá Bàbá

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ n'Íbàdàn lánàá. Mo jáde lọ wo ìkòkò òdòdó mi lẹ́yìnkùlé, àṣé ewé àbámọdá tí Bàbá aládùúgbò wa fún mi ti bímọ! Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yọ yí etí ewé náà ká, gbòǹgbò wọn tín-ín-rín bí òwú. Omi lé ròrò sójú mi.

Oṣù mẹ́ta rèé tí Bàbá papòdà. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Bódìjà, mo dúró lẹ́nu ọgbà wọn, mò ń wò ó. N kò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi já ewé kan lé mi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, má rì í mọ́lẹ̀ o. Gbé e lé orí iyẹ̀pẹ̀ lásán, á hù."

Mo na owó sí wọn, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ bú àwọn ni.

Ẹ̀ka ewúro, irúgbìn efinrin tí wọ́n wé sínú bébà, ọ̀dúndún, rinrin: ta ni kò gbà nínú rẹ̀ ládùúgbò wa? Iyẹ̀pẹ̀ kì í kúrò ní èékánná wọn. Mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn gan-an.

Mo ti já ewé mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìyàwó tuntun tó kó dé ilé kejì.

Ẹ sùn re o, Bàbá.