Kí Ẹ Tó Sáré Lọ Gbé Dátábéèsì: Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Fáìlì Lásán

Bí ẹnì kan bá bi mí pé dátábéèsì wo ló yẹ kí òun fi ṣe áàpù kékeré, èmi náà á fi ìbéèrè dá a lóhùn: báwo ni àkọsílẹ̀ tó o fẹ́ tọ́jú ṣe pọ̀ tó, ta ni yóò sì máa kọ nǹkan sínú rẹ̀? Tó bá ní kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ, tó sì jẹ́ pé áàpù kan ṣoṣo ni yóò máa kọ ọ́, màá ní kó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì lásán, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni.

Ẹ wo /etc/passwd tó wà lórí kọ̀ǹpútà Linux. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ní àkáǹtì lórí ẹ̀rọ náà ní ìlà tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà méje, àmì kólónì ló sì là wọ́n. Láti àwọn ọdún 1970 ni Unix, tí Linux fara wé, ti ń lo irú fáìlì yìí, kò tíì sú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé mo lè fi ojú ara mi rí ohun tó wà níbẹ̀. Tí áàpù bá ń sọ ìsọkúsọ, màá ṣí fáìlì, màá sì wo ìlà tí wàhálà wà. Tí mo bá fi í sábẹ́ Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà inú fáìlì, á fi ìlà tó yí padà hàn mí àti ọjọ́ tó yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kí áàpù to nǹkan inú fáìlì bákan náà nígbà gbogbo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Git á máa pariwo àyípadà níbi tí nǹkan kan ò ti yí padà.

Irú fáìlì wo wá ni? CSV, tí kọ́mà ti ń la òpó inú ìlà kọ̀ọ̀kan, dára fún ohun tó ní ìlà àti òpó. Ẹ má kàn fi kóòdù tí ẹ kọ fúnra yín gé e níbi kọ́mà o. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá kọ àdírẹ́sì tó ní kọ́mà nínú, gbogbo òpó tó tẹ̀ lé e ló máa sún kúrò ní àyè rẹ̀. RFC 4180, ìwé tó ṣàpèjúwe CSV, tó jáde lọ́dún 2005, ti ṣàlàyé bí àmì àyọlò ṣe ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láíbìrì (kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa) tó ń ka CSV sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ẹni tó fi Excel ṣí i tó sì tún sééfù rẹ̀: òdo tó ṣáájú nọ́ńbà fóònù lè pòórá, ohun tó bá jọ orúkọ oṣù á di déètì. Lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ HGNC tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ yí MARCH1 padà sí MARCHF1, torí pé Excel máa ń sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Orúkọ jíìnì ló yí padà, Excel dúró síbi tó wà nígbà náà!

YAML, irú fáìlì ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà fi ń kọ ètò áàpù, ńkọ́? Fún ìwọ̀nba ètò tí ènìyàn á fi ọwọ́ kọ, ó dáa. Fún dátà, mi ò fẹ́ ẹ. Àwọn áàpù tó ń tẹ̀ lé YAML 1.1, ẹ̀dà àtijọ́, á ka NO, àmì orílẹ̀-èdè Nọ́wè, sí "bẹ́ẹ̀ kọ́".

JSON Lines ni mo sábà máa ń mú. Àkọsílẹ̀ kan, ìlà kan:

{"id": 41, "ojo": "2024-03-07", "iye": 12550}
{"id": 42, "ojo": "2024-03-09", "iye": 800}

Ọdún ló ṣáájú nínú déètì, nítorí náà tẹ́ ẹ bá tò ó bí ọ̀rọ̀ lásán, ó ti tò bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra nìyẹn. Owó tó kéré jù, bíi kọ́bọ̀, ni mo fi ń ka iye, kí n má bàa lo àmì dẹ́símà. Kọ̀ǹpútà tó ní 0.1 àti 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004 kì í ṣe ẹni tí ń bá ni ka owó. Àkọsílẹ̀ tuntun á kàn lọ sí ìsàlẹ̀. Tí iná bá lọ lójijì, ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ló sábà máa ń bà jẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àtúnkọ fáìlì. Tí kóòdù yín bá ṣí fáìlì pẹ̀lú "w", àmì tó ní kó kọ nǹkan sínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun. Tí áàpù bá kú láàárín méjèèjì, fáìlì òfìfo lẹ máa bá. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ kọ tuntun sínú fáìlì mìíràn nínú fódà kan náà, ẹ pe fsync kó lè dé orí dísìkì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi os.replace ti Python, èdè tí mo fi ń kọ kóòdù, gbé e rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó bá ń kà á lásìkò náà á rí ti àtijọ́ tàbí tuntun, kò ní rí ààbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fódà kan náà, torí ìrọ́pò yìí kì í ṣiṣẹ́ láti dísìkì kan sí òmíràn.

Fún àwa tí à ń kọ Yorùbá, ẹ fi UTF-8, ọ̀nà ìkọ tó gba gbogbo lẹ́tà wa, sééfù, kẹ́ ẹ sì fi ensure_ascii=False sí json.dumps tó ń sọ dátà di JSON, láìsí i, "ọ" á di \u1ecd, ẹwà pé ojú lè kà á ti lọ nìyẹn. Lẹ́tà "ọ́" tún ní ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n ń gbà kọ ọ́: "ọ" pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí "ó" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ó yàtọ̀, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan wá orúkọ tí wọ́n fi èkejì kọ kò ní rí i. Ẹ gba gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá inú unicodedata.normalize("NFC", …), tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀nà ìkọ kan, kó tó wọ fáìlì.

Tó bá di pé áàpù méjì ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ìbéèrè ti ń so oríṣi àkọsílẹ̀ mẹ́ta pọ̀, mo máa ń lọ sí SQLite, dátábéèsì kékeré tóun náà jẹ́ fáìlì kan péré. Ìlà JSON kọ̀ọ̀kan á wọ tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú kóòdù kúkurú, fáìlì àtijọ́ á sì wà níbẹ̀ títí tí iye inú méjèèjì á fi bára mu.